Igbó, Kodín àti Ikọ́ Ẹ̀gbẹ Tí Kò Gbọ́ Oògùn Mọ́

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin

  

Àwọn àgbà wa máa ń pa á lówe pé, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá tètè wí fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Òwe yìí ni ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí. Ṣùgbọ́n hẹ̀rẹ̀-huru tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kọjá èyí tí ń dí oorun lọ́wọ́. Ó lè pa ẹni tó ń wúkọ́, ó sì lè pa ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ bẹ̀rẹ̀. Ká sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Mayfair níhìn-ín, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Lálẹ́, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin a pàdé nínú yàrá kótópó kan. Wọn a ti ilẹ̀kùn, wọn a ti fèrèsé kí òórùn má baà jáde, wọn a sì máa fa igbó. Nígbà tó yá, ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyá rẹ̀ ní, "Ọmọ mi, ikọ́ rẹ yìí mà ti pẹ́ jù." Ó dáhùn pé, "Ẹ má dààmú, Màmá, eruku ọ̀nà ni." Ó lọ ra oògùn ikọ́ oníkodín, èyí tó ti mọ́ ọn lára láti máa mu tẹ́lẹ̀. Ikọ́ náà rọlẹ̀, ó sì rò pé ó ti tán.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ti rù, òógùn ń bò ó lóru, ẹ̀jẹ̀ sì yọ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Wọ́n fún un ní oògùn oṣù mẹ́fà lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó lo ó fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ara rẹ̀ mókun, ó sì padà sínú yàrá kótópó yẹn. Lónìí ó lo oògùn, lọ́la ó gbàgbé. Lẹ́yìn èyí ó dá a dúró pátápátá. Oṣù kẹrin kò tí ì pé tí ikọ́ náà fi padà dé. Oògùn tó kọ́kọ́ lò kò ràn án mọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá kan náà, tí kò fẹnu kan sìgá rí, òun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ọmọkùnrin yìí kò lórúkọ, nítorí àpẹẹrẹ lásán ni. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó lè sọ pé òun kò mọ ẹni tó jọ ọ́?

Kí ni ikọ́ ẹ̀gbẹ?

Ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí àwọn mìíràn ń pè ní ikọ́ fée, kì í ṣe àfiṣe, kì í sì í ṣe àìsàn ìdílé. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á. Robert Koch, dókítà ará Jámánì, ló kéde rẹ̀ fún aráyé ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1882, ìdí nìyí tí a fi ń ṣe àyájọ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ọjọ́ náà lọ́dọọdún. Inú afẹ́fẹ́ ni kòkòrò yìí ń gbà ràn. Bí ẹni tó ní i nínú ẹ̀dọ̀fóró bá wúkọ́, tó sín, tàbí tó ń kọrin, kòkòrò náà a bọ́ sínú afẹ́fẹ́, ẹlòmíràn a sì mí i sínú. Bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ kì í kó o ranni, bẹ́ẹ̀ ni jíjẹun nínú abọ́ kan náà kì í kó o ranni.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá mí kòkòrò yìí sínú ló ń ṣàìsàn. Nínú ọ̀pọ̀ èèyàn, ọmọ ogun tí Ọlọ́hun fi sínú ara a ká a mọ́, a sì máa sùn síbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ìgbà tí ara bá di ahẹrẹpẹ ló máa ń jí. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé ní ọdún 2023, nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.8 èèyàn ló ṣàìsàn yìí káàkiri ayé, ó sì pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.25. Orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà ló ní aláìsàn rẹ̀ jù ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìròyìn ayọ̀: àrùn tó ṣeé wò sàn ni. Oògùn mẹ́rin ni a ń lò pọ̀ fún un, Isoniazid, Rifampicin, Pyrazinamide àti Ethambutol. A ó lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún oṣù méjì, a ó sì lo méjì nínú wọn, Isoniazid àti Rifampicin, fún oṣù mẹ́rin sí i. Ẹni tó bá lò ó pé, tí kòkòrò tirẹ̀ sì gbọ́ oògùn, a máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Báwo ni kòkòrò ṣe ń di aláìgbọ́-oògùn?

Ẹnìkan lè bi wá pé, kí ló dé tí oògùn mẹ́rin fi wà fún àìsàn kan? Kí ló sì dé tó fi tó oṣù mẹ́fà, nígbà tí ibà kì í gbà ju ọjọ́ mẹ́ta lọ?

Ìdáhùn rẹ̀ nìyí. Ihò kan ṣoṣo tí kòkòrò yìí bá dá sínú ẹ̀dọ̀fóró lè gba nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù kòkòrò. Nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan lè wà tí Isoniazid kò ràn, bí a ṣe dá a nìyẹn. Nínú nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, ẹyọ kan lè wà tí Rifampicin kò ràn. Bí a bá lo oògùn kan ṣoṣo, èyí tí oògùn náà kò ràn nìkan ni yóò ṣẹ́kù, yóò sì bí sí i títí yóò fi gba ilé kan. Bí a bá lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, èyí tó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan kò ní bọ́ lọ́wọ́ èkejì.

Ìrírí ló kọ́ àwọn dókítà ní ọgbọ́n yìí. Ní ọdún 1948, àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ èsì ìdánwò tí wọ́n ṣe lórí Streptomycin jáde, oògùn àkọ́kọ́ tó ń pa kòkòrò yìí. Ara ọ̀pọ̀ aláìsàn kọ́kọ́ yá. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àìsàn gbé púpọ̀ nínú wọn padà, nítorí kòkòrò inú wọn kò ka Streptomycin nìkan sí mọ́.

Ẹ wo àgbẹ̀ tó ń ro oko. Bí ó bá ro ìdajì tó lọ sílé, tó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì láti ro díẹ̀ sí i, àwọn koríko tó le jù ni yóò máa bá níbẹ̀, nítorí àwọn ni kò tètè kú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tó ń lo oògùn lónìí tó ń fò ó lọ́la, ẹni tó ń yan ọ̀kan lò tó ń fi ọ̀kan sílẹ̀, àti ẹni tó ń pín oògùn rẹ̀ fún ọ̀rẹ́. Ó ń pa èyí tó rọ̀, ó ń dá èyí tó le sí. Bí kòkòrò bá ti wá di èyí tí Isoniazid àti Rifampicin kò ràn mọ́, a ti bọ́ sọ́wọ́ àìsàn mìíràn nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Nínú ìwádìí àkọ́kọ́ tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ní nǹkan bí ọdún 2009 sí 2010, nínú 100 aláìsàn tí kò tí ì lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ rí, nǹkan bíi 3 ló ní irú èyí tí kò gbọ́ oògùn. Nínú 100 tí wọ́n ti lò ó rí, nǹkan bíi 14 ni. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín 3 àti 14. Ẹ sì má gbàgbé àwọn 3 yẹn: wọn kò fi oògùn ṣeré rí. Ara ẹlòmíràn ni wọ́n ti kó o.

Ọ̀nà márùn-ún tí oògùn olóró ń gbà dá kún un

Ní ọdún 2018, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí oògùn olóró, UNODC, àti ìjọba wa ṣe ìwádìí kan. Wọ́n rí i pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró tàbí tó ṣi oògùn lò láàárín ọdún kan, láì ka sìgá àti ọtí mọ́ ọn. Ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ilẹ̀ Yorùbá wa níhìn-ín, ló ga jù: 22 nínú 100. Nínú àwọn mẹ́rin tó ń lò ó ní Nàìjíríà, ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Nítorí náà, kí àwọn arábìnrin wa má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan ni.

Báwo ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe wá kan ikọ́ ẹ̀gbẹ?

Èkíní, ó ń ṣí ilẹ̀kùn. Nínú ọ̀nà ọ̀fun wa, Ọlọ́hun dá àwọn irun kéékèèké tó ń gbá ìdọ̀tí jáde bí ìgbálẹ̀. Èéfín sìgá, igbó àti ṣíṣà máa ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Ọtí àmujù máa ń sọ ọmọ ogun inú ara di ọ̀lẹ, kì í sì í jẹ́ kí èèyàn jẹun dáadáa. WHO ṣírò rẹ̀ pé nínú àwọn tó ṣàìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ ní 2023, ọtí ló fa ti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 750, sìgá sì fa ti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 700.

Èkejì ni yàrá tí a tì pa. Kì í ṣe igbó tí wọ́n ń gbà fún ara wọn lọ́wọ́ ni ewu tó tóbi jù, bí kò ṣe afẹ́fẹ́ tí gbogbo wọn jọ ń mí. Ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2004, ikọ́ ẹ̀gbẹ ràn láàárín àwọn ọ̀dọ́ kan, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti ìlà-oòrùn Áfíríkà. Èèyàn 11 ni wọ́n rí tó ṣàìsàn náà. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọpa rẹ̀, wọ́n rí i pé inú mọ́tò tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ pa ni wọ́n ti máa ń jọ fa igbó.

Ẹ̀kẹta, ó ń fi ikọ́ pamọ́. Iṣẹ́ kodín ni láti pa ikọ́ lẹ́nu mọ́. Kòkòrò wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó ń jẹ ẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ikọ́ tó yẹ kó ké sí wa ti dákẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ BBC gbé fídíò jáde lórí bí wọ́n ṣe ń tà á fún àwọn ọ̀dọ́, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ oníkodín àti kíkó o wọ̀lú. Síbẹ̀ àwọn kan kò yéé wá a kiri. Ní ti afasìgá àti afagbó, ó ti mọ ikọ́ ara rẹ̀ mọ́ èéfín, kì í tètè fura.

Ẹ̀kẹrin, ó ń bá oògùn jà nínú ara. Kókó yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Isoniazid, Rifampicin àti Pyrazinamide lè ni ẹ̀dọ̀ lára. Bí a bá wá fi ọtí, paraga tàbí ògógóró kún un, ẹ̀dọ̀ lè wú, ojú a pọ́n bí ìyeyè, dókítà a sì ní láti dá oògùn náà dúró ná. Bákan náà, Rifampicin máa ń jẹ́ kí ara tètè lé kodín àti tramadol jáde. Ẹni tí wọ́n ti di bárakú fún a máa rí i pé ara ń ro òun, oorun kò wá, ọkàn òun kò balẹ̀. Yóò ní, "Oògùn ikọ́ yìí ló ń pa mí," yóò sì jù ú nù. Kò mọ̀ pé bárakú ló ń pariwo. Bákan náà, Linezolid, tó wà lára oògùn tí a fi ń wo ikọ́ tí kò gbọ́ oògùn, kò bá tramadol rẹ́ rárá. Bí wọ́n bá pàdé nínú ara, àyà lè máa lù kìkì, ara a gbóná, a máa gbọ̀n, ó sì lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Ìkarùn-ún, ó ń jẹ́ ká fò ó. Ẹni tó mutí yó lánàá kò rántí oògùn òwúrọ̀. Ẹni tó fi owó ọkọ̀ ra igbó kò rí owó lọ gba oògùn. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọn yóò gbóòórùn igbó lára òun, tàbí pé wọn yóò fi òun lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, kò ní dé ilé ìwòsàn rárá.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti èyí tí kò gbọ́ oògùn pàápàá, kò mọ bí igbó ṣe rí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rí aláìsàn kó ní, "Ìwàkiwà ló kó o." Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí aláìsàn sá pamọ́, ìbápamọ́ ni kòkòrò yìí sì ń fẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní New York àti ohun tó wà nílé wa

Ní ilé ìwòsàn Harlem ní ìlú New York, lọ́dún 1988, aláìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ 178 ni wọ́n dá sílé pé kí wọ́n máa lo oògùn lọ. 89 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò padà wá, tí kò sì lò ó tán. Púpọ̀ nínú wọn kò nílé lórí, ọtí sì ti di bárakú fún ọ̀pọ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin ọdún 1991, nǹkan bí ẹnìkan nínú aláìsàn márùn-ún ní ìlú náà ló ní kòkòrò tí Isoniazid àti Rifampicin kò ràn mọ́. Ní 1992, aláìsàn tuntun tí wọ́n kà di 3,811.

Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gba òṣìṣẹ́ ìlera tí yóò máa wá aláìsàn lọ sí ibi yòówù tó bá wà, ìbáà ṣe ilé tàbí ìgboro, kí wọ́n máa wò ó bó ṣe ń gbé oògùn mì lójú wọn. Wọ́n fún àwọn aláìsàn ní oúnjẹ àti owó ọkọ̀. Ní 1994, iye náà ti wálẹ̀ sí 2,995, ó sì ń lọ sílẹ̀ síwájú. Kì í ṣe oògùn tuntun ló ṣe iṣẹ́ yìí, bí kò ṣe ẹni tó dúró ti ẹni.

Àwa náà ní ìrírí tiwa. Ọ̀nà Ìbàdàn tí à ń ti Mayfair gbà yìí ló lọ sí UCH, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ṣí ibùdó àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà fún ìtọ́jú ikọ́ tí kò gbọ́ oògùn, ní ọdún 2010. Nígbà náà, ìtọ́jú náà tó nǹkan bí ogún oṣù. Aláìsàn lè lo oṣù mẹ́jọ lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, tí yóò máa gba abẹ́rẹ́, kó tó di pé ó lo oṣù méjìlá sí i nílé. Àwọn abẹ́rẹ́ náà sì di ẹlòmíràn létí. Ẹ rò ó wò: ẹni tó sá fún oṣù mẹ́fà lọ kó sọ́wọ́ ogún oṣù.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, nǹkan ti yàtọ̀. Láti 2022, WHO ti fọwọ́ sí àpapọ̀ oògùn oníhóró tí ọ̀pọ̀ aláìsàn bẹ́ẹ̀ lè lò fún oṣù mẹ́fà láìgba abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n oògùn wọ̀nyí kò pọ̀. Bí a bá tún fi àwọn náà ṣeré, kí ló kù?

Kí ni ẹ̀sìn wa sọ?

Nínú Suratul Maidah, ẹsẹ 90 àti 91, Ọlọ́hun ka ọtí mọ́ iṣẹ́ Èṣù, Ó sì pa wá láṣẹ ká jìnnà sí i. Khamr ni ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó wà níbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì tan mọ́ bíbo nǹkan mọ́lẹ̀, nítorí pé ó ń bo làákàyè. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi sọ pé ohunkóhun tó bá ń bo làákàyè, ìbáà ṣe mímu, fífà tàbí gbígbé mì, wà lábẹ́ òfin yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àwáwí pé igbó kì í ṣe ọtí tan ara rẹ̀. Oògùn tí dókítà kọ fún ìrora, tí a sì lò bó ṣe ní ká lò ó, yàtọ̀ sí èyí.

Suratul Baqarah, ẹsẹ 195, kọ̀ fún wa láti fi ọwọ́ ara wa fa ara wa sínú ìparun. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì ti sọ fún wa pé kò sí àìsàn tí Ọlọ́hun sọ kalẹ̀ tí kò sọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú. Ó tún kọ́ wa pé bí àjàkálẹ̀ àrùn bá wà ní ìlú kan, kí ẹni tó wà níta má wọ ibẹ̀, kí ẹni tó wà níbẹ̀ má sì sá jáde. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀mí ọmọnìkejì wa jẹ́ amánà lọ́rùn wa. Oògùn oṣù mẹ́fà tí wọ́n kó lé ọ lọ́wọ́, amánà ni. Èémí tí ò ń mí sára ìyá rẹ àti sára ẹni tí ẹ jọ tò sí sáfù, amánà ni.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn túúbà ṣí sílẹ̀. Suratu Zumar, ẹsẹ 53, ń ké sí àwọn tó ti ṣe àṣejù sí ara wọn pé kí wọ́n má sọ ìrètí nù nínú àánú Ọlọ́hun. Bí Ọlọ́hun kò bá lé wọn, ta ni àwa tí a fẹ́ lé wọn?

Kí ni ká ṣe?

Ìwọ tó ń lò ó. Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú ẹ̀kọ́ yìí nìyí: má dúró dìgbà tí o bá jáwọ́ kí o tó lọ yẹ ikọ́ rẹ wò. Túúbà àti ìtọ́jú lè jọ rìn pọ̀. Bí ikọ́ bá ti lo ọ̀sẹ̀ méjì, lọ fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ ṣe àyẹ̀wò. Ní Ilé-Ifẹ̀ wa níhìn-ín, a ní OAUTHC, a sì ní àwọn ilé ìtọ́jú ìjọba ìbílẹ̀ tí yóò júwe ibi tó yẹ fún ọ. Ní àwọn ibùdó ìjọba tó ń ṣe ìtọ́jú yìí, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀. Ẹ̀rọ GeneXpert, tí WHO fọwọ́ sí ní 2010, lè sọ láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì bóyá kòkòrò náà wà, àti bóyá Rifampicin ṣì ràn án. Sọ òtítọ́ fún nọ́ọ̀sì nípa ohun tí ò ń mu tàbí tí ò ń fà, kí wọ́n lè mọ oògùn tí yóò bá ara rẹ mu. Bí ìtọ̀ rẹ bá pupa, má bẹ̀rù, àwọ̀ Rifampicin ni. Bí ojú rẹ bá pọ́n bí ìyeyè tàbí tí ò ń bì, sáré padà lọ sọ fún wọn, má dá oògùn dúró fúnra rẹ. Bí ọtí bá ti di bárakú fún ọ tipẹ́tipẹ́, má ṣe dá a dúró lójijì láìsọ fún dókítà, nítorí gìrì lè gbé ọ. Àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ọpọlọ ní OAUTHC, àti ilé ìwòsàn Àró ní Abẹ́òkúta, mọ bí a ṣe ń ran èèyàn lọ́wọ́ lórí bárakú.

Ìwọ ìyá, ìyàwó, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́. Gbà láti jẹ́ alátìlẹ́yìn rẹ̀. Máa wò ó lójoojúmọ́ bó ṣe ń gbé oògùn mì, kí o sì fàmì sí i lára kàlẹ́ńdà. Jẹ́ kó jẹun dáadáa. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀. Ẹ kó gbogbo ará ilé lọ fún àyẹ̀wò, pàápàá àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún, nítorí oògùn wà tí a ń fún wọn kí àìsàn náà má baà gbérí. Bó bá ṣubú padà sínú igbó tàbí ọtí, má sọ pé, "Mi ò bá ọ ṣe mọ́." Jẹ́ kó máa lo oògùn ikọ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Ẹ má ṣe lé e kúrò ní àsálátù. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó máa kírun nílé títí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ yóò fi ní kò lè ranni mọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ fún un láyè ní sáfù. Bí Ràmàdáànì bá dé, Suratul Baqarah, ẹsẹ 184 àti 185, ti fún aláìsàn láyè láti san ààwẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn. Bí ara rẹ̀ bá sì le tó láti gbààwẹ̀, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá òun lè lo oògùn ní sààrì. Kí ó má ṣe torí ààwẹ̀ fo ọjọ́ kankan. Kí ẹgbẹ́ yọ díẹ̀ nínú owó sàdáákà fún owó ọkọ̀ àti oúnjẹ irú àwọn bẹ́ẹ̀. Suratul Maidah, ẹsẹ 32, kọ́ wa pé ẹni tó gba ẹ̀mí kan là dà bí ẹni tó gba gbogbo aráyé là. Ní ti ikọ́ tí kò gbọ́ oògùn, ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere, nítorí ẹni kan tó bá lo oògùn rẹ̀ tán ti dí ọ̀nà tí kòkòrò náà ì bá gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a kò lè kà.

Àwọn ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ìpàdé

1. Kí ló dé tí a fi ń lo oògùn mẹ́rin pọ̀ fún ikọ́ ẹ̀gbẹ?

2. Sọ ọ̀nà márùn-ún tí oògùn olóró gbà ń dá kún ikọ́ tí kò gbọ́ oògùn. Èwo nínú wọn ni o ti rí ní àdúgbò rẹ?

3. Àbúrò ọmọkùnrin inú àpẹẹrẹ wa kò mu igbó rí. Báwo ni ó ṣe lè ní ikọ́ tí kò gbọ́ oògùn?

4. Bí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan bá sọ fún ọ ní kọ̀rọ̀ pé òun ń fa igbó, òun sì ń wúkọ́ láti oṣù tó kọjá, kí ni ohun àkọ́kọ́ tí wàá ṣe?

Kí Ọlọ́hun Ọba fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó tú àwọn tó wà nínú ìdè bárakú sílẹ̀, kí Ó sì fún wa ní sùúrù láti dúró tì wọ́n títí oògùn ọjọ́ ìkẹyìn yóò fi tán. Àmín.